Orúkọ Tó Kúrò Nínú Ìwé Ilé Ìrànwọ́

Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí kò lè jókòó sójú kan. Bó bá jókòó sídìí máṣíìnì, ọkàn rẹ̀ á ti wà ní títì. Bó bá dé títì, á rántí pé òun fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ láìparí. Iṣẹ́ aránṣọ ló kọ́, ibẹ̀ ló sì ti ń jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é ní aránṣọ mọ́ ládùúgbò. Àǹtí Fọ́ọ̀mù ni wọ́n sọ ọ́, nítorí pé lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, á ti ṣọ́ọ̀bù pa, á gbé fáìlì sábẹ́ apá, á sì máa lọ láti ilé dé ilé láti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí wọ́n bi òun.

Ilé Ìrànwọ́ ló ń rán an. Àwọn ará àdúgbò ló dá a sílẹ̀ fúnra wọn, yàrá mẹ́ta àti sítọ̀ kan lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹnì kan fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn sítọ̀ náà pé, “Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.” Ìdílé tí nǹkan bá le fún á lọ forúkọ sílẹ̀, bí ẹni tí wọ́n rán wá bá sì rí i pé òótọ́ ni, wọ́n á máa fún wọn lóúnjẹ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n á sì bá wọn dá sí owó ilé bí onílé bá ti fẹ́ lé wọn. Àǹtí Fọ́ọ̀mù kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ a máa bi í pé kí lèrè rẹ̀, òun náà á kàn gbé fáìlì jáde.

Òfin ibẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá ṣàyẹ̀wò ilé kan kò gbọdọ̀ bá ará ilé náà ṣe ọ̀rẹ́ tàbí àna, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá ṣì wà nínú ìwé. Obìnrin kan ló fa òfin ọ̀hún. Ó kọ orúkọ àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé, ìrẹsì sítọ̀ sì tán kí oṣù tó dé ìdajì.

Ọjọ́rú kan ló dé ilé Màmá Tíṣà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì wọlé láti ọdún kan. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé: òun, ọmọkùnrin rẹ̀ tó kù, àti ọmọbìnrin kékeré méjì tí àkọ́bí rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé sì tò sára ògiri. Màmá gba fọ́ọ̀mù, ó wọ awò, ó kà á látòkè délẹ̀, ó wá yọ bírò pupa, ó tún ọ̀rọ̀ méjì ṣe nínú rẹ̀.

“Ta ló tẹ èyí?”

“Mi ò mọ̀, mà.”

“Sọ fún un pé máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni mo fún un.”

Àǹtí Fọ́ọ̀mù gbé ẹ̀rín mì. “Ẹ̀yin mélòó lẹ ń jẹun nílé yìí, mà?”

Ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni èsì ti wá. “Ó dọwọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń béèrè. Lọ́jọ́ Àìkú, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Tó bá ti di Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ méjèèjì nìkan ni.”

Ọmọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ilé iṣẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀ ti kógbá sílé, ẹyọ kan lọ́sẹ̀ ló ń rí tún ṣe báyìí nígbà tó bá rí. Ó ní, “Gbogbo fíríìjì tí mò ń ṣí káàkiri, oúnjẹ kún inú wọn, wọn ò kàn ṣiṣẹ́ ni. Tiwa ń ṣiṣẹ́ dáadáa.”

“A kì í fi irú ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín,” ni ìyá rẹ̀ wí.

“Màámi, tí mi ò bá fi rẹ́rìn-ín, nǹkan mìíràn ni màá fi ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àǹtí Fọ́ọ̀mù lára. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n ran ilé náà lọ́wọ́ kíákíá, nítorí òótọ́ ni wọ́n nílò rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé àánú lásán ló ṣe òun. Irọ́ ló ń pa, ó sì mọ̀.

Láti ìgbà náà, Onífíríìjì ló máa ń kọ́kọ́ dé sítọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, òun ló sì ń gbẹ̀yìn. Á ní kí ìyá arúgbó yìí kọjá, kí oníkẹ̀kẹ́ yẹn kọjá, títí á fi ku òun àti Àǹtí Fọ́ọ̀mù, tó máa ń wá bá wọn pín oúnjẹ, nídìí tábìlì. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́, bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní èyí tó lè fi ti ẹnu ara rẹ̀, kíyè sí i. “Ìwọ ọmọ yìí, àbí ìrẹsì ìsàlẹ̀ àpò ló dùn jù ni?”

Nígbà tí fírísà sítọ̀ bàjẹ́, Onífíríìjì ló tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ méjì gbáko. Àǹtí Fọ́ọ̀mù rí i pé àwọn fọ́ọ̀mù kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí òun tò. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò.

“Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ,” ni Onífíríìjì wí láti ẹ̀yìn fírísà.

“Ṣé ọ̀rọ̀ fírísà ni?”

“Ó jọ ọ́. Ó ti dì sí mi láyà láti bí oṣù kan ààbọ̀.” Ó dìde, ó nu ọwọ́. “Mo fẹ́ fẹ́ yín.”

Inú obìnrin náà dùn débi tí ẹ̀rù fi bà á. “Orúkọ yín wà nínú ìwé,” ló wí. “Bó bá ṣì wà níbẹ̀, mi ò lè dá yín lóhùn. Ó ku oṣù mẹ́rin.”

“Ṣé ẹ máa dúró?”

“Ẹ̀yin lẹ máa dúró. Èmi ò lọ síbì kankan.” Ẹni tí kò lè jókòó sójú kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Onífíríìjì yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó ní orúkọ àwọn ti kúrò nínú ìwé. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi yìnyín tọ́jú ẹja ti ní kí òun wá máa bójú tó ẹ̀rọ wọn, òun sì ti lọ sí ọ́fíìsì, òun ti fọwọ́ sí i pé àwọn dúpẹ́, ó tó báyìí.

“Ṣé lóòótọ́?”

“Ẹ lọ wo ìwé.”

Kò lọ wo nǹkan kan. Obìnrin tó ti ṣí ìkòkò ọgọ́rùn-ún ilé wò kó tó gba onílé gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló gbà lọ́jọ́ yẹn, nítorí ó wù ú kó jẹ́ òótọ́. “Ẹ” di “o” láàárín wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Wọ́n jọ ń rìn lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ọkàn obìnrin náà kò balẹ̀, kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó ń rí i pé bí òun bá ra búrẹ́dì, ọkùnrin yìí á jẹ díẹ̀, á wé ìyókù sínú bébà, á fi sápò.

Ó wọn ṣòkòtò fún un lóṣù àkọ́kọ́. Lóṣù kejì tó fẹ́ gé e, ó tún ìbàdí rẹ̀ wọ̀n, téèpù sì fi ínṣì méjì dín.

“Kí ló dé tó o rù báyìí?”

“Iṣẹ́ ló pọ̀.”

Ó gé ṣòkòtò náà bí téèpù ṣe wí, kò sì tún bi í ní nǹkan mìíràn.

Ìyá Àǹtí Fọ́ọ̀mù, tó ń ta ọṣẹ àti kóróbá níwájú ilé, gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn, ó sì gbé kóróbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Oúnjẹ ni mo gbà kó o máa gbé lọ fún wọn. Mi ò ní kó o gbé ọ̀kan nínú wọn wálé.”

“Wọ́n ti kúrò nínú ìwé, Màmá. Ó ti ríṣẹ́.”

“Ta ló rí i níbi iṣẹ́ ọ̀hún?”

“Mo gbà á gbọ́.”

“Mo rí i lójú ẹ pé o gbà á gbọ́. Èmi náà ti fẹ́ ẹni tí mo gbà gbọ́ rí. Bàbá ẹ ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Kí ìyá tiẹ̀ kọ́kọ́ gbà. Tí ìyẹn bá gbà, kí wọ́n wá rí mi.”

Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ni wọ́n bẹ̀ kó ṣe alárinà, òun náà sì gbà kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ tán. Ó wọ fìlà tuntun lọ bá Màmá Tíṣà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, Àǹtí Fọ́ọ̀mù gán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ibi ọrùn, ó tú u, ó tún gán an síbẹ̀. Nígbà tí bàbá padà dé, kò ṣàwàdà kankan, ìyẹn ló kọ́kọ́ bà á lẹ́rù.

“Ó kọ̀, ọmọ mi.”

“Kí ló ní mo ṣe?”

“Ó ní ìwọ lo yọ orúkọ àwọn. Ó ní o fẹ̀rín wọlé òun, o lọ kọ ìkọkúkọ nípa wọn, pé láti oṣù méjì, àwọn ọmọ yẹn ń mumi sùn. Ó ní ẹni tó gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọmọ òun, ṣé kó tún wá gba ọmọ òun ni?”

“Bàbá, iṣẹ́ ló rí. Òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ àwọn.”

“Mo gba ọ́fíìsì kọjá, mo rí ìwé náà. Òun ló fọwọ́ sí i lóòótọ́. Ìyá ẹ̀ ni ò mọ̀. Ní ti iṣẹ́ tó o ń wí, mo bá a nílé ní aago méjì ọ̀sán, ó ń tú rédíò àtijọ́ kó lè ta wáyà inú ẹ̀.”

Ojú ti obìnrin náà, inú bí i, àánú àwọn ọmọ ṣe é, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde láì ti ṣọ́ọ̀bù.

Lábẹ́ àtíbàbà tí Onífíríìjì ti ń ṣiṣẹ́ ló bá a, láàárín fíríìjì mẹ́ta tí àwọn tó ni wọ́n kò padà wá gbé.

“Ṣé o níṣẹ́ àbí o ò ní?”

Ọkùnrin náà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Mo ní in fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n ta ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ní kí n máa lọ.”

“Kí ló dé tó ò padà sí ọ́fíìsì?”

“Tí mo bá padà, orúkọ wa á padà sínú ìwé. Tórúkọ wa bá padà, ìwọ á lọ.”

“Màmá ńkọ́?”

“Wọ́n béèrè ìdí tí mi ò fi gbé oúnjẹ wálé mọ́. Mo ní wọ́n ti yọ wá. Wọ́n ní, ‘Ọmọbìnrin oníwèé yẹn ni?’” Ó wolẹ̀. “Mo dákẹ́. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ kan ni. Mo rò pé iṣẹ́ mìíràn á dé.”

“Oúnjẹ ẹnu àwọn ọmọ yẹn lo fi ń fẹ́ mi. Gbogbo ìgbà tá a jọ ń rìn tí mò ń rẹ́rìn-ín, ebi ń pa wọ́n nílé.”

“Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ ni.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi. Mo fọwọ́ ara mi wọ̀n ẹ́, ó fi ínṣì méjì dín, mi ò béèrè. Bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíì ni, mi ò ní kúrò níbẹ̀ láìbéèrè.”

Ọ̀nà kan wà. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kúrò nínú ìwé lè padà sí i kó sì gba ọ̀sẹ̀ tó kù fún un, bí ẹni tó kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ilé rẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé wọ́n ṣì nílò rẹ̀, pé kò sì sí ohunkóhun láàárín òun àti ilé náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á tò sẹ́yìn àwọn tuntun, á sì tó oṣù méjì kó tó kàn án.

“Màá lọ fọwọ́ sí i nísinsìnyí,” ni Àǹtí Fọ́ọ̀mù wí. “Ìwọ, lọ sọ ẹni tó yọ yín fún màmá ẹ. Fẹnu ara ẹ sọ ọ́.”

“Tó o bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ tiwa ńkọ́?”

“Kò ní sí ọ̀rọ̀ tiwa mọ́. Tó bá wà, irọ́ ni mo lọ fọwọ́ sí.”

Ó sunkún dé ọ́fíìsì, ó nu ojú lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó fọwọ́ sí i.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn. Lọ́jọ́bọ̀, kò jẹ́ dé ìtòsí sítọ̀, síbẹ̀ á máa béèrè lọ́wọ́ Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ bóyá ìrẹsì ọjọ́ náà kárí. Bàbá mọ ohun tó ń béèrè. “Ó wá,” ni bàbá á wí. “Iwájú ló ń tò sí báyìí. Ó gba tiẹ̀, ó lọ.” Inú obìnrin náà á dùn pé wọ́n rí jẹ, á sì bàjẹ́ pé kò dúró. Lọ́jọ́ mìíràn á máa bínú sí i láti àárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti máa dá a láre. Ó ran aṣọ púpọ̀ lásìkò yẹn, ó sì tú ìdajì wọn.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Màmá Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pẹ̀lú agboòrùn lọ́wọ́. Ó wo aṣọ tó fi kọ́ yí ká bí ẹni tó ń wo ìwé ọmọ kíláàsì.

“Àforíjì ni mo wá tọrọ,” ló wí. “Ẹnu mi ló bú ẹ, òun náà ló yẹ kó bẹ̀ ẹ́.”

Àǹtí Fọ́ọ̀mù ti kúnlẹ̀. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, mà.”

“Dìde. Ọmọ mi ti jẹ́wọ́ fún mi. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a; ti ọmọ mi ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Mo fọjọ́ mẹ́ta bá a jà, mi ò sì bá a sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́rin. Ó wá ku ìbéèrè kan. Mo ka ohun tó o fọwọ́ sí. O ní kò sí ohunkóhun láàárín ìwọ àti ilé mi. Ṣé òótọ́ lo kọ?”

“Nígbà tí mo kọ ọ́, òótọ́ ni, mà. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo fi í sílẹ̀.”

“Báyìí ńkọ́?”

Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Báyìí, mà, ó ti ń di irọ́ díẹ̀díẹ̀.”

Màmá Tíṣà fa àga, ó jókòó. “Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù fún wa nínú ìwé?”

“Méje, mà.”

“A máa jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kò sẹ́ni tó tún máa fi ìfẹ́ kánjú nílé mi. Má wá a lọ, kó má wá ẹ wá. Tó bá yọjú kó tó pé, wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí. Tó bá sì pé tí kò wá, á jẹ́ pé òmùgọ̀ ni mo bí, èmi fúnra mi ni màá wá sọ fún ẹ.”

“Ta wá ni alárinà báyìí, mà?”

“Èmi ni. Bàbá oníkọ́kọ́rọ́ yẹn ń sọ̀rọ̀ jù.”

Ọ̀sẹ̀ méje ṣe é bí ọdún. Ó ń bẹ̀rù pé ọkàn ọkùnrin náà á ti kúrò lára òun, nítorí òun lòun já a sílẹ̀. Ó tún ń bẹ̀rù pé á padà wá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀ àti ìròyìn dídùn mìíràn, pé òun á sì tún gbà á gbọ́. Ẹ̀rù kejì yìí ló le jù, kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

“Ṣé o ṣì ń dúró de onífíríìjì yẹn?” ni ìyá rẹ̀ bi í.

“Mi ò dúró de ẹnì kankan,” ló dáhùn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó jókòó ti máṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Òjìji kan bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbójú sókè. Aṣọ iṣẹ́ ni Onífíríìjì wọ̀, gírísì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìwé wa parí lánàá,” ló wí.

“Mo mọ̀.”

“Má tíì ní kí n jókòó. Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Mò ń bójú tó fíríìjì ilé ìwòsàn kan, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Wọ́n lè dá mi dúró nígbàkigbà. Ìrẹsì tó wà nílé á tó wa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀wà ò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Owó ilé oṣù tó ń bọ̀ wà, ti oṣù tó tẹ̀ lé e la ò tíì rí. Àwọn ọmọ yó lánàá. Ti ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò mọ̀. Màámi fẹ́ wá rí ìyá ẹ lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kí n ṣíwájú, kó o lè gbọ́ gbogbo ẹ̀ kó o tó dá mi lóhùn. Mo ṣì fẹ́ fẹ́ ẹ.”

Nínú gbogbo ilé tí Àǹtí Fọ́ọ̀mù ti wọ̀, kò sẹ́ni tó sọ tó báyìí fún un rí láìjẹ́ pé ó béèrè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ṣé o parí?”

“Mo parí.”

Ó bo máṣíìnì, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó jáde, ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

“Níbo là ń lọ?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Ọ̀dọ̀ ìyá mi. Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an, àti ìrẹsì àti ẹ̀wà, ni kó o ṣe sọ ọ́ fún wọn.”

Ẹsẹ̀ Onífíríìjì dúró. “Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Tí wọ́n bá lé mi jáde ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé àwa méjèèjì ni wọ́n lé,” ni obìnrin náà wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú, tòun ti gírísì.